Ta Ni Yóò Lu Ṣaworoidẹ? Òmìnira àti Ìjíhìn Ilé-iṣẹ́ Ìjọba nínú Fíìmù Méjì Akínwùmí Ìṣọ̀lá, àti Ẹ̀kọ́ Dáàmù Alau

Àṣàmọ̀

Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó bá wà lábẹ́ ẹnìkan ṣoṣo lè di irinṣẹ́ ẹni náà. Èyí tí kò bá sì sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni lè di ọba lórí ara rẹ̀. Iṣẹ́ yìí lo Ṣaworoidẹ (1999) àti Agogo Èèwọ̀ (2002), fíìmù méjì tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Túndé Kèlání sì darí, láti yẹ ọ̀ràn náà wò. Tíọ́rì ìfojú-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀-wo-lítíréṣọ̀ ni a mú lò. A fi hàn pé àdéhùn tí gbogbo ìlú mọ̀ ló fún onílù inú Ṣaworoidẹ ní òmìnira. A tún fi hàn pé àwọn fíìmù náà fi ibì kan sílẹ̀ láìdí: wọn kò sọ ẹni tí yóò bi onílù léèrè. A wá gbé èyí ka orí dáàmù Alau tó ya ní Maiduguri ní 2024, àti orí àwọn àjọ tó ń darí iṣẹ́ àwa olùkọ́ pàápàá.

Ìfáàrà

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, tó mọ́, omi ti wọ Maiduguri. Dáàmù Alau, tó wà lórí odò Ngadda ní ẹ̀yìn ìlú, ló ya. Omi wọ ààfin Shehu Borno. Ó wọ ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Ó wọ ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹranko ti kú. Àwọn ènìyàn tó lé ní 400,000 ni wọ́n kúrò nílé, nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ sá wá láti ìgbèríko nítorí ogun Boko Haram. Ẹni tó ti sá fún ìbọn lẹ́ẹ̀kan tún wá ń sá fún omi. Kí ó tó di ọjọ́ náà, àwọn aláṣẹ ti fi àwọn ará ìlú lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tó ṣe dáàmù náà.

Ìlú tí a péjọ sí fún àpérò yìí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀ràn òmìnira àti ìjíhìn ilé-iṣẹ́ ìjọba kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán fún wa. Lẹ́yìn omi náà, ìbéèrè tó gba ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ju méjì lọ: ta ló ni dáàmù yìí, ta ló sì yẹ kó kìlọ̀ fún wa? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé lítíréṣọ̀ Yorùbá ti bi irú ìbéèrè yìí tipẹ́, ó sì ti dáhùn rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti sọ ibi tí ìdáhùn náà dé, kí ó sì sọ ibi tó kù sí.

Ojú tí a fi wo iṣẹ́ náà

Tíọ́rì ìfojú-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀-wo-lítíréṣọ̀ gbà pé iṣẹ́ ọnà kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Inú àwùjọ ló ti ń jáde, àwùjọ náà ló sì ń bá wí. Ọdún 1999 tí Ṣaworoidẹ jáde ni ìjọba ológun kógbá sílé ní orílẹ̀-èdè yìí, tí ìjọba alágbádá sì gba ipò ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún. Abájọ tí ọ̀pọ̀ fi ń ka fíìmù náà gẹ́gẹ́ bí àwòrán àwọn ológun àti àwọn ọba aláìṣòótọ́. Ìkàwé bẹ́ẹ̀ tọ̀nà. Àmọ́ bí a bá ń wo ọba nìkan, a ó gbàgbé ohun tó yí ọba ká: onílù, babaláwo, àwọn ìjòyè, adé, ìlù, gbẹ́rẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni ilé-iṣẹ́ ìjọba Jogbo. Àwọn ni mo fẹ́ kí a wò.

Ṣaworoidẹ: òmìnira tó wá láti inú àdéhùn

Nínú Ṣaworoidẹ, àdéhùn àtijọ́ kan wà láàrin ọba Jogbo àti àwọn ará ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kí ó sì búra pé òun yóò ṣe ìjọba bó ti tọ́. Ìlù tí a so ṣaworo idẹ mọ́ ni ẹ̀rí àdéhùn náà. Ìdílé Àyàngalú nìkan ló lè lù ú. Bí ọba tó kọ gbẹ́rẹ́ bá dé adé, tí a sì lu ìlù náà sí i létí, ikú ni. Lápitẹ́ kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́, nítorí pé owó ló wá kó. Ó dé adé náà, ó sì bá àwọn oníṣòwò gẹdú dòwò pọ̀ tí igbó ìlú fi ń pòórá. Láti ìgbà náà lọ, ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ọmọ ogun, kì í ṣe ọ̀tá láti ìlú mìíràn. Ìlù kan ni, àti ọkùnrin kan tó mọ̀ ọ́n lù.

Kí ló fún onílù yìí lágbára? Àyàngalú kò lówó, kò ní ìbọn, kò sì ní oyè. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì “dá dúró” ní ìtumọ̀ pé kò sí ẹni tó ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ni. Kò lè lu ìlù náà bó ṣe wù ú, kò sì lè ta á fún ẹni tó bá lówó jù. Agbára rẹ̀ wà nínú ohun mẹ́ta. Èkíní, ohun tí ọba gbọ́dọ̀ ṣe ti wà nílẹ̀ kí ọba tó gorí ìtẹ́, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ ọ́n. Èkejì, ọwọ́ tó lè lu ìlù náà yàtọ̀ sí ọwọ́ tó ń ná owó ìlú. Lápitẹ́ kọ́ ló yan Àyàngalú, kò sì lè yọ ọ́. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ìlù bá dún, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò gbọ́.

Níhìn-ín ni Ìṣọ̀lá ti kọ́ wa ní ohun tí àwọn ìwé ìmọ̀ ìṣèjọba sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ gígùn sọ. A máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òmìnira àti ìjíhìn ń bá ara wọn jà: bí ọ̀kan bá lọ sókè, èkejì á wálẹ̀. Nínú Ṣaworoidẹ, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń mu omi. Nítorí pé Àyàngalú ń jíhìn fún àdéhùn ni kò fi nílò láti jíhìn fún Lápitẹ́. Bí a bá yọ àdéhùn náà kúrò, onílù ààfin lásán ni yóò kù, tí yóò máa ki ọba kí ó lè rí oúnjẹ jẹ.

Fíìmù náà tẹ ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ síwájú sí i. Lẹ́yìn ikú Lápitẹ́, ọ̀gágun kan fi ìbọn gba adé. Òun náà rò pé agbára tí òun ní ti kọjá ti ìlù. Ìlù náà kò bi í bóyá ológun ni tàbí ọmọ ọba. Ó pa á. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá, ni àwọn àgbà wí. Ìgbà lè yí, àdéhùn kò gbọdọ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí Ṣaworoidẹ kù sí

Bí mo ti ń yin fíìmù yìí, mo ní àríwísí mẹ́ta sí i.

Àkọ́kọ́, ìjíhìn inú rẹ̀ kò ní ìpele. Láàrin ìdákẹ́jẹ́ àti ikú, kò sí nǹkankan. A kò rí ọjọ́ tí a pe Lápitẹ́ jáde pé kí ó wá sọ iye igi gẹdú tí wọ́n ti gé àti ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí. Ìlù náà lè pa ọba, àmọ́ kò lè dá ẹyọ igi kan padà sínú igbó. Ìjíhìn tó jẹ́ pé òpin nìkan ló ń dé jẹ́ ẹ̀san. Ó ti pẹ́ jù fún ẹni tí wọ́n ti gba oko rẹ̀.

Èkejì, ohun àràmàǹdà ló gbé gbogbo ẹrù náà. Òǹwòran lè jáde kúrò níbẹ̀ kí ó máa retí ìlù tí yóò wá láti ibìkan, dípò kí ó béèrè ohun tí òun náà lè ṣe. Mo gbà pé àmì ni ìlù náà. Síbẹ̀, àmì tó bá ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀dá-ìtàn lè sọ òǹwòran di ọ̀lẹ.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: ta ni yóò bi onílù léèrè? Fíìmù náà fẹ́ kí a gbà pé ọmọ Àyàngalú kì í ṣìnà. Ìtàn Ọ̀yọ́ kò jẹ́ kí a gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni láti ká Aláàfin lọ́wọ́ kò. Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, Baṣọ̀run Gáà gba iṣẹ́ náà, ó sì sọ ọ́ di ohun ìjà tirẹ̀. Aláàfin bíi mélòó kan ló ti ọwọ́ rẹ̀ kú, títí Abíọ́dún fi bì í ṣubú ní 1774. Adébáyọ̀ Fálétí fi ìtàn yìí kọ eré onítàn rẹ̀, Baṣọ̀run Gáà. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu. Bí a bá ka eré Fálétí mọ́ fíìmù Ìṣọ̀lá, a ó rí i pé olùṣọ́ pàápàá nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Àwọn baba wa mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí Ògbóni fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì, tí agbára kan ń dènà òmíràn.

Agogo Èèwọ̀: ìbúra ní gbangba

Ó dàbí ẹni pé Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ mọ àléébù yìí. Nínú Agogo Èèwọ̀, ọba Jogbo tuntun, Adébọ̀sípò, jẹ́ ẹni tó fẹ́ ṣe rere. Ìṣòro kò sí lórí ìtẹ́ mọ́; ó ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn ìjòyè tó ti mọ adùn owó ìlú. Ọba rere kan kò tó. Ohun tí fíìmù náà gbé kalẹ̀ ni pé kí gbogbo àwọn tó ń mú nǹkan ìlú lọ́wọ́ wá búra, kí a sì lu agogo èèwọ̀ lé e lórí.

Ìyàtọ̀ méjì ló wà níbí. Ìbúra ti kúrò lára ọba nìkan, ó ti kan gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ó sì ti di ohun tí à ń ṣe ní ojú gbogbo ènìyàn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń sá fún un ti fi ara rẹ̀ hàn. Ní ti iṣẹ́ ọnà, Agogo Èèwọ̀ kò dán tó Ṣaworoidẹ. Ọ̀rọ̀ ìwàásù pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ti èrò, ó lọ jìnnà jù ú lọ. Àmọ́ òun náà kò dáhùn ìbéèrè kan: bí ọ̀gá bá ju ẹyọ kan lọ ńkọ́? Jogbo ní ọba kan, ìlú kan, àdéhùn kan. Kí ni a ó ṣe níbi tí àwọn ọba tó ń pàṣẹ fún onílù kan ṣoṣo ti pọ̀?

Dáàmù Alau: ìlù tí ọwọ́ pọ̀ lórí rẹ̀

Ìbéèrè yìí ló mú wa padà sí Maiduguri. Láàrin 1984 sí 1986 ni wọ́n kọ́ dáàmù Alau. Àjọ Ìdàgbàsókè Agbada Adágún Chad, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973 tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìlú yìí, ló ń bójú tó o. Àjọ ìjọba àpapọ̀ ni. Abẹ́ ilé-iṣẹ́ mínísítà fún ọ̀ràn omi ni ó wà, Abuja sì ni owó rẹ̀ ti ń wá. Àmọ́ ará Maiduguri ló ń mu omi Alau, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ omi ti ìpínlẹ̀. Bí omi bá ya, ilé ará Borno ló ń wó, gómìnà Borno sì ni wọn yóò kọ́kọ́ ké pè. Àjọ mìíràn ti ìjọba àpapọ̀ ló ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìkún-omi lọ́dọọdún. Òmíràn, NEMA, ló ń wá lẹ́yìn tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìpínlẹ̀ náà ní tirẹ̀, SEMA. Àjọ Ìdàgbàsókè Àríwá Ìlà-Oòrùn, tí òfin 2017 dá sílẹ̀, náà wà ní Maiduguri. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, oṣù kan péré lẹ́yìn omi náà, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ mínísítà tuntun sílẹ̀ tí yóò máa darí irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀.

Ní orí ìwé, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí kò ní ọ̀gá. Àjọ agbada náà ń jíhìn fún mínísítà, fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí abala 88 ìwé òfin 1999 fún lágbára ìwádìí, àti fún àwọn aṣàyẹ̀wò owó. Abala 85 pàápàá sọ pé Olùyẹ̀wò-Owó-Àgbà kò gbọdọ̀ ṣe àyẹ̀wò ìwé owó irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Orúkọ àwọn aṣàyẹ̀wò tó yẹ ni yóò fún wọn, yóò sì sọ èrò rẹ̀ lórí àbọ̀ wọn, ó sì lè yà wọ́n wò láti ìgbà dé ìgbà. Ẹni tó kọ òfin náà fẹ́ kí àjọ ní ìfàyè díẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Abala 158 fi òmìnira tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwọ̀nba àwọn àjọ kan, bí àjọ elétò ìdìbò, nínú yíyan òṣìṣẹ́ àti bíbá òṣìṣẹ́ wí. Àjọ tó ń ṣọ́ dáàmù kò sí nínú wọn.

Ẹ wá gbé ohun mẹ́ta tí a rí lára Àyàngalú lé orí Alau. Kí ni àdéhùn? Òfin wà, àmọ́ ará Gwange tàbí ará Bulabulin kò mọ ìwọ̀n omi tó bá dé tí a gbọ́dọ̀ ké sí òun. Ọwọ́ ta ni ìlù wà? Ẹnìkan mú awọ rẹ̀, ẹnìkan mú ọ̀pá, ẹlòmíràn ló ní ṣaworo. Ta ló gbọ́dọ̀ gbọ́? Àbọ̀ ń lọ sókè sí Abuja, nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni omi ń ṣàn sí. Níhìn-ín ni mo ti yapa sí àwọn tó sọ pé àìlómìnira ló pa irú àjọ báyìí, àti sí àwọn tó sọ pé àìní ọ̀gá tó le ni. Ọ̀gá pọ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ìjíhìn tó dojú kọ ẹni tí jàǹbá yóò bá.

Ìlú yìí ti rí irú rẹ̀ rí ní 1994, nígbà tí omi Alau ya wọ ìlú. Ọgbọ̀n ọdún wà láàrin ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦80 bílíọ̀nù fún àtúnṣe dáàmù náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọnkéré nìkan kò lè di ihò tí àìjíhìn lu. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí a bá tún ògiri kọ́ tí a kò tún àdéhùn kọ́, a kàn ń ra àkókò ni.

Àwa olùkọ́ ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ọ̀ràn onímọ̀ omi nìkan nìyí. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ pé ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ UBEC gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ìdajì owó iṣẹ́ náà wá. Ìdí rẹ̀ dára: kí ìpínlẹ̀ má jókòó de ọ̀fẹ́. Àmọ́ gómìnà ló ń yan ọ̀gá àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, UBEC ló sì ń fọwọ́ sí ètò iṣẹ́ rẹ̀. Bí gómìnà kò bá mú ìdajì tirẹ̀ wá, owó á sùn sí Abuja, ọmọ á sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíláàsì. Ọ̀gá àjọ náà á sọ pé gómìnà ni. Gómìnà á sọ pé òfin Abuja ló le jù. Kò sí ẹni tó purọ́, kò sì sí ẹni tó jíhìn fún òbí ọmọ náà.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ náà wà nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. NCCE, tó wà láti 1989, ló ń sọ ohun tí a ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. TETFund ló ń kọ́ ilé. Mínísítà ló ń pàṣẹ. Ìgbìmọ̀ alákòóso ló ni ilé-ẹ̀kọ́ lórí ìwé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ̀ǹpútà kan ní Abuja tí wọ́n ń pè ní IPPIS ló ń san owó oṣù, títí ìjọba fi pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa yọ̀, ó sì yẹ kí a yọ̀. Ìbéèrè Gáà ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀: nígbà tí a bá gba òmìnira lọ́wọ́ Abuja, ta ni àwa yóò máa jíhìn fún? Bí ìdáhùn wa bá jẹ́ “ara wa,” ìdáhùn Baṣọ̀run Gáà ni a fọ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí rí kò pọ̀, àmọ́ mo gbà pé ó dúró. Ṣaworoidẹ kọ́ wa pé àdéhùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni orísun òmìnira. Agogo Èèwọ̀ kọ́ wa pé ìbúra náà gbọ́dọ̀ kan gbogbo ẹni tó ń mú nǹkan ìlú lọ́wọ́, ní gbangba. Baṣọ̀run Gáà kọ́ wa pé olùṣọ́ náà nílò olùṣọ́. Alau wá fi èyí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sọ kún un: níbi tí ọ̀gá ti pọ̀, ó gbọ́dọ̀ hàn kedere ẹni tí yóò lu ìlù, ìgbà tí yóò lù ú, àti ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mo ní àbá kan fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE. Nígbà mìíràn tí ẹ bá kọ́ wọn ní Ṣaworoidẹ, ẹ má ṣe parí rẹ̀ sí “ọba burúkú kú.” Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tó wà ní àdúgbò rẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ omi. Kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà ń jíhìn fún sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wò ó bóyá ará àdúgbò wà nínú orúkọ tó kọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti rí ibi tí omi yóò gbà wọlé.